Èpò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba kápẹ́ẹ̀tì gíráàsì ilé tuntun wa tán. Ẹ bá mi mọ orúkọ wọn

Ìyá Ìbejì Arúlógun (9 oṣù kẹfà, aago 6:40 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ o, gbogbo ilé. Ẹ dákun, ẹ ràn mí lọ́wọ́. Oṣù kẹta ni a kó wọ ilé wa tuntun ní ọ̀nà Arúlógun, n'Íbàdàn níbí. Ilẹ̀ pupa líle ni àwọn bíríkìlà fi sílẹ̀ fún wa níwájú ilé. Bàbá ìbejì wá ra típà ilẹ̀ dúdú méjì, a dà á lé e, a sì gbin kápẹ́ẹ̀tì gíráàsì sí i nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀. Owó ńlá ni fún wa. Fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, bí mo bá ti jí, ẹnu ọ̀nà ni mo kọ́kọ́ ń lọ láti lọ wò ó.

Èpò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á tán báyìí. Oríṣi márùn-ún ni mo kà, mi ò sì mọ orúkọ ìkankan nínú wọn, torí Sùúrùlérè ni wọ́n ti tọ́ mi, kọnkéré ni gbogbo àgbàlá wa.

Èyí àkọ́kọ́ ló pọ̀ jù. Ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dán. Bí a bá gé koríko lónìí, kó tó di ọjọ́ kẹrin òun nìkan á ti yọrí sókè láàárín àwọn yòókù. Mo fi ìka méjì yí ẹsẹ̀ rẹ̀, kò rí roboto, igun mẹ́ta ló ní. Èkejì wà lẹ́bàá fẹ́ǹsì, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́, ó gún sílípáàsì Táyé já. Ẹ̀kẹta tẹ́ pẹrẹsẹ mọ́lẹ̀ bí àwo, àárín rẹ̀ funfun, mi ò lágbára tí mo lè fi fà á tu. Ẹ̀kẹrin ní ẹ̀gún wẹ́wẹ́, bí a bá fọwọ́ kàn án, ewé rẹ̀ á pa dé. Ẹ̀karùn-ún ń yọ òdòdó kékeré, ó funfun létí, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ láàárín, bó bá gbó á di bí òwú, afẹ́fẹ́ á sì máa gbé e kiri.

Ọmọkùnrin tó ń bá wa gé koríko ní kí n ra paraquat, oògùn tí wọ́n fi ń pa èpò, pé òun á fọ́n ọn ká gbogbo ilẹ̀ náà, pé bó bá fi máa di ọ̀la gbogbo rẹ̀ á ti gbẹ. Ẹ̀rù ń bà mí. Àwọn ìbejì ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́ta, orí koríko yẹn ni wọ́n ti ń ṣeré, kànga wa kò sì ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ sí i. Kí ni kí n ṣe?

Màmá Ògbómọ̀ṣọ́ (7:05)

O kú oríire ilé tuntun, ọmọ mi. Ẹ ó pẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀kẹrin yẹn, patanmọ́ ni. Ẹ̀karùn-ún, ìgbàlódé là ń pè é lọ́dọ̀ wa, òun la máa ń fún sójú ọgbẹ́ bí àdá bá ṣá èèyàn lóko. Èyí tó gún bàtà ọmọ, èkan ni, kò dìgbà tí mo bá rí i. Lẹ́yìn òjò, nígbà tí ilẹ̀ bá rọ̀, ọwọ́ ni kí o fi tu gbogbo wọn. Má jẹ́ kí ọmọkùnrin yẹn da oògùn sílẹ̀ tí àwọn ọmọ mi ń ṣeré lé.

Ọmọ Olóko Ìṣẹ́yìn (7:32)

Ẹ kú ìdájí, mà. Oògùn oko ni mò ń tà, síbẹ̀ mo bẹ̀ yín, ẹ má ra paraquat rárá. NAFDAC ti fòfin dè é láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2024. Ẹni tó bá ṣì ń tà á ní ìkọ̀kọ̀, ó ń rúfin ni. Bí èèyàn bá gbé e mì, bó ti wù kó kéré mọ, kò sí oògùn tó ń pa oró rẹ̀. Ilé tí ọmọ ọdún mẹ́ta wà kọ́ ni wọ́n ń gbé irú rẹ̀ wọ̀.

Ohun kejì ni pé ewé nìkan ló ń jó. Ọmọkùnrin yín á rí i pé gbogbo rẹ̀ gbẹ lọ́jọ́ kejì, inú rẹ̀ á dùn, ẹ̀yin náà á sanwó. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀, ohun tó wà nínú ilẹ̀ á tún hù.

Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kó yá, glyphosate ni kí ẹ lò. Èyí àkọ́kọ́ yẹn, òfio ni. Ẹ̀kẹta, eéran ni. Glyphosate á pa gbogbo wọn dé gbòǹgbò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Wálé Mowe (8:10)

Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ohun tó ṣe mí lésìí kò yẹ kó ṣe yín.

Ẹni tó ta glyphosate fún mi sọ pé èpò nìkan ló ń pa, pé kápẹ́ẹ̀tì kò ní fura. Mo gbà á gbọ́. Mo po ó sínú tánkì àgbékọ́yìn lítà 16, mo fọ́n ọn kárí láti ẹnu géètì dé ìdí wíńdò. Lọ́jọ́ kẹwàá, gbogbo ilẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, kápẹ́ẹ̀tì, èpò, gbogbo rẹ̀. Atẹ́gùn ti gbé e kọjá fẹ́ǹsì, ewédú ìyàwó ará ilé kejì náà gbẹ. Mo lọ dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ wọ́n, mo sì san owó ewédú náà.

Èyí tó dùn mí jù ni ohun tó kọ́kọ́ padà hù lórí ilẹ̀ gbígbẹ yẹn. Ẹlẹ́sẹ̀ onígun mẹ́ta tí ìyá ìbejì ń sọ yìí ni! Ilẹ̀ ṣófo, oòrùn ń wọlé, kò sí ẹni tó ń bá a du àyè. Ó kún ju tàtẹ̀yìnwá lọ.

Ọmọ Olóko Ìṣẹ́yìn (8:21)

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n Wálé. Òótọ́ lẹ sọ, mo yára kọ̀wé ni, ó yẹ kí n sọ ọ́. Glyphosate kò mọ èpò yàtọ̀ sí kápẹ́ẹ̀tì. Ohun aláwọ̀ ewé tó bá ti kàn ló ń pa. Kì í ṣe ohun tí à ń fọ́n lé gbogbo pápá koríko.

Adé Houston (9:02)

Ẹ káàárọ̀ láti Texas, òru ni lọ́dọ̀ wa. Mo ní koríko tí wọ́n ń pè ní St. Augustine níwájú ilé mi níbí, ogun èpò kan náà ni à ń jà. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́: ní oṣù kejì, kí ilẹ̀ tó gbóná, mo máa ń fọ́n oògùn tí kì í jẹ́ kí èso èpò hù. Lẹ́yìn rẹ̀, mo máa ń lo ajílẹ̀ tí wọ́n po atrazine mọ́, ó ń bọ́ koríko, ó sì ń pa èpò. Fún ẹlẹ́sẹ̀ onígun mẹ́ta yẹn, halosulfuron ni mo lò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fọ́n ọn, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí ara wọn, St. Augustine mi ò kú.

Àgbẹ̀ Fẹ̀yìntì (10:45)

Mo kí gbogbo yín. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún bá àwọn àgbẹ̀ rìn ní agbègbè Ọ̀yọ́ kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹ fara balẹ̀ bá mi ka èyí, torí ó gùn díẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tí à ń bá jà. Ọ̀nà tó ń pa ọ̀kan nínú èpò márùn-ún yìí, òun gan-an ló ń mú òmíràn bí sí i. Mo ti rí àgbẹ̀ tó fi ọkọ́ ro èkan wẹ́wẹ́ nínú oko iṣu, tó wá sọ ọ̀kan ṣoṣo di ọgbọ̀n.

Èyí àkọ́kọ́. Ọmọ Olóko, mo gbà pé o súnmọ́ ọn, ìbátan ni wọ́n, àmọ́ mi ò rò pé òfio ni. Dáńdá ni mo fura sí. Bí ẹsẹ̀ ti ní igun mẹ́ta, tí ewé rẹ̀ sì pín sí ọ̀nà mẹ́ta, àwọn méjèèjì jọ ara wọn níbẹ̀. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ wà lábẹ́ ilẹ̀. Òfio, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni hóró rẹ̀ ń dá wà ní ìparí okùn gbòǹgbò, ó rí roboto, ó dùn lẹ́nu. Ti dáńdá so kọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, ó dúdú, ó korò, ó sì ní òórùn. Bó bá yọ òdòdó, ti òfio máa ń pọ́n bí wúrà, ti dáńdá á dà bí àwọ̀ obì tó gbó. Ìyá ìbejì, ẹ má fà á. Ẹ fi ṣọ́bìrì kékeré wú u jinlẹ̀ tó ìbú ọwọ́ méjì, ẹ fi omi ṣàn án, kí ẹ wá sọ ohun tí ẹ rí fún wa.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ṣe pàtàkì: bí ẹ bá fa dáńdá lójijì, òkè á já, ìlẹ̀kẹ̀ á kù sílẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí orí kan wà lókè, ó ń pàṣẹ fún àwọn hóró yòókù pé kí wọ́n sùn. Ẹ ti já orí yẹn, gbogbo wọn á jí. Màmá Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ má bínú sí mi, mà, ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ yín nìyẹn. A lè fi ọwọ́ ṣẹ́gun rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ó ní àsìkò. Kí orí kọ̀ọ̀kan tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lókè ni kí ẹ ti wú u kúrò. Láàárín àkókò yẹn, oúnjẹ tó wà nínú hóró àtijọ́ ló ń ná, kò tíì rí àyè bí hóró tuntun. Ẹ tún padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́ẹ̀kan sí i. Ebi lẹ fi ń pa á. Ẹni tó bá tú u lẹ́ẹ̀kan tó sì sinmi fún oṣù méjì, ọmọ ló bí fún un.

Ní ti ìmọ̀ràn Adé láti Houston, o ṣeun, ọmọ mi, àmọ́ Ìbàdàn kì í ṣe Texas. A ò ní ìgbà òtútù tí ilẹ̀ ń sùn. Òjò àkọ́kọ́, ní oṣù kẹta sí ìkẹrin, ló ń jí èso èpò lọ́dọ̀ wa. Bí wọ́n bá fẹ́ fi oògùn dí èso, ìgbà náà ni, ó sì ti kọjá fún ọdún yìí. Bí wọ́n bá tiẹ̀ tètè fọ́n ọn, kò ní dí dáńdá lọ́wọ́, torí kì í ṣe inú èso ló ti ń hù níbí, inú hóró abẹ́ ilẹ̀ ni. Àti atrazine, NAFDAC ti fòfin de ìyẹn náà láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2025. Ẹ má wá a kiri.

Halosulfuron yẹn dára fún ìdílé dáńdá. Bí ẹ bá rí ojúlówó rẹ̀ tí nọ́ńbà NAFDAC wà lára rẹ̀, ẹ ka ara páálí rẹ̀ bóyá wọ́n kọ irú koríko yín sí i. Ẹ dán an wò lórí àyè tí kò ju ẹní kan lọ, kí ẹ wò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kápẹ́ẹ̀tì wa kì í ṣe St. Augustine.

Màá padà wá sọ ti èkan. Ojú ń ro mí.

Adé Houston (11:10)

Ẹ ṣé gan-an, bàbá. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ti fòfin de atrazine nílé. Ẹ̀yin tó ń kà á, ẹ fi ìmọ̀ràn mi lórí ìyẹn sílẹ̀.

Bísí Ṣágámù (12:30 ọ̀sán)

Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò dárúkọ iyọ̀? Iyọ̀, ọṣẹ ìfọṣọ àti fínígà, ẹ pò ó mọ́ omi gbígbóná, ẹ dà á lé e. Kò sí oògùn èpò níbẹ̀. Mo lò ó láàárín bíríkì ìta ilé mi, èpò ò hù níbẹ̀ mọ́.

Aṣọ́gbà Abẹ́òkúta (1:15 ọ̀sán)

Anti Bísí, láàárín bíríkì, ó lè ṣiṣẹ́, torí ẹ ò fẹ́ kí ohunkóhun hù níbẹ̀. Lórí pápá koríko, ẹ jọ̀ọ́, rárá. Iyọ̀ kì í kúrò nínú ilẹ̀ bọ̀rọ̀. Kápẹ́ẹ̀tì ló máa kọ́kọ́ kú, ilẹ̀ á bàjẹ́, òjò á sì máa wọ́ iyọ̀ náà lọ sápá kànga tí kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ. Fínígà náà, ewé ló ń jó, kò ní dé ìdí dáńdá láéláé.

Iṣẹ́ mi ni ọgbà ṣíṣe, láti ọdún 2009. Ìyá ìbejì, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kẹta, torí ẹ̀sùn tó ń fi kan ilẹ̀ yín wà lára rẹ̀. Eéran kọ́. Gbági ni. Eéran máa ń nà gbọọrọ, ó rọ̀, ewúrẹ́ fẹ́ràn rẹ̀. Gbági ló ń tẹ́ bí àwo tí àárín rẹ̀ máa ń funfun bí fàdákà. Bó bá yọ orí, á dà bí ìka ọwọ́ tó là. Ilẹ̀ tó bá le ni gbági fẹ́ràn jù, ibi tí kápẹ́ẹ̀tì kò ti lè ta gbòǹgbò. Mo lè fi gbogbo ẹnu sọ pé ojú ibi tí bárò àwọn bíríkìlà ń gbà kọjá, tàbí ibi tí mọ́tò ń gùn, ni gbági yín pọ̀ sí. Ṣé bẹ́ẹ̀ kọ́?

Ilẹ̀ dúdú tí ẹ dà lé e kò nípọn tó, ilẹ̀ pupa tó ti dì bí àpáta ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Òjò rọ̀, omi ò rí ibi wọ̀, gbòǹgbò kápẹ́ẹ̀tì ń fà kiri lókè. Ẹ ra fọ́ọ̀kì ìwalẹ̀. Lẹ́yìn òjò, ẹ gún un wọlẹ̀ dé ìdí eyín rẹ̀, ẹ mì í síwá sẹ́yìn díẹ̀, ẹ yọ ọ́, ẹ sún ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ kan, ẹ tún gún un. Ẹ má ṣí ilẹ̀, ihò nìkan lẹ fẹ́. Lẹ́yìn náà kí ẹ wọ́n ilẹ̀ dúdú tí ẹ ti jọ̀ sórí rẹ̀, kó máa wọ inú ihò. Gbági fúnra rẹ̀, ẹ má fà á lórí. Ẹ fi ọ̀bẹ tó mú gé e ní ìsàlẹ̀ ibi funfun yẹn, nínú ilẹ̀ díẹ̀, kó tó yọ ìka. Ọdún kan ló ń gbé láyé, èso ló fi ń padà wá, bí kò bá so, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti tán.

Ohun kan tún kù tí mo ń bá gbogbo oníbàárà mi jà lé lórí. Ẹ bá ọmọkùnrin yín sọ ọ́: ó ń gé koríko yẹn lọ sílẹ̀ jù. Wọ́n rò pé bí wọ́n bá fá a bí orí ọmọ tuntun, á pẹ́ kó tó hù. Ẹ jẹ́ kí kápẹ́ẹ̀tì ga tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5, kí ẹ má sì gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta ewé rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Ewé tó bo ilẹ̀ ló ń fi òkùnkùn bo èso èpò mọ́lẹ̀.

Ìyá Ìbejì Arúlógun (5:50 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ̀gbọ́n Aṣọ́gbà, ẹ ò tíì dé ilé wa rí, síbẹ̀ ẹ mọ ojú ọ̀nà bárò! Láti géètì dé ibi tí wọ́n ti ń po kọnkéré, gbági tò lọ gbọnrangandan.

Bàbá Àgbẹ̀, mo ti wú u, sà. Mo mú ṣọ́bìrì tí mo fi ń gbin òdòdó, mo wà á yí ká, mo gbé odidi ìdì ilẹ̀ náà sínú báàfù, mo rọra da omi sí i. Ilẹ̀ ń tú kúrò díẹ̀díẹ̀, ohun dúdú kan yọ, ìkejì yọ, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan so wọ́n pọ̀. Mo ka mẹ́sàn-án lórí orí kan ṣoṣo. Mo fi èékánná ha ọ̀kan, inú rẹ̀ funfun, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ọwọ́ mi. Kẹ́hìndé ní kí n jọ̀ọ́ kí n fi sí òun lọ́rùn. Dáńdá ni, sà.

Gbogbo oṣù karùn-ún ni mo fi ń fa orí rẹ̀ já láràárọ̀. Mo rò pé iṣẹ́ ni mò ń ṣe.

Àgbẹ̀ Fẹ̀yìntì (8:20 alẹ́)

Ẹ má jẹ́ kó dùn yín, ọ̀pọ̀ wa ló ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dá mi lójú pé inú típà ilẹ̀ dúdú yẹn ló bá wọlé. Àkùrọ̀ ni wọ́n sábà máa ń wa irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tó ń kà á tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́lé, kí ẹ tó sanwó típà, ẹ bu ilẹ̀ náà sínú ike kan, ẹ máa bomi rin ín fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun tó bá hù nínú ike ni yóò hù níwájú ilé yín.

Ẹ má da hóró dáńdá síbi ààtàn. Ẹ sá a sórí kọnkéré nínú oòrùn títí yóò fi rọ, kí ẹ tó kó o dànù.

Tìámíyù Ìlọrin (10 oṣù kẹfà, 6:30 àárọ̀)

Èkan ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì ńkọ́? Iná ni tiwa lọ́dọ̀ wa. Ẹ gé e, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ sun ún. Ó tán.

Màmá Ògbómọ̀ṣọ́ (6:52)

Tìámíyù ọmọ mi, iná kì í pa èkan. Mo bá èkan jà lóko bàbá mi kí wọ́n tó bí ọ. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí a bá jó o, ewé tútù á ti yọ nínú eérú, kò ní pẹ́ tí orí rẹ̀ á fi funfun káàkiri bí òwú, èso rẹ̀ á sì máa fò. Abẹ́ ilẹ̀ ni ilé rẹ̀. Ó ń gún iṣu já látinú ilẹ̀, ìwọ wá fẹ́ fi iná òkè mú un?

Àgbẹ̀ Fẹ̀yìntì (9:15)

Màmá ti sọ gbogbo rẹ̀. Mo kàn fẹ́ fi ọ̀nà tí wọ́n á gbà ṣe é kún un.

Gbòǹgbò èkan funfun, ó ní oríkèé bí ìrèké, orí rẹ̀ mú bí ọfà. Oríkèé kọ̀ọ̀kan lè di èkan tuntun, ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi gbọ́dọ̀ gbé ọkọ́ ṣá a wẹ́wẹ́. Fọ́ọ̀kì ìwalẹ̀ tí Aṣọ́gbà ní kí ẹ rà, òun náà ni kí ẹ lò. Ẹ wú u láti òkèèrè, ẹ gbé ilẹ̀ sókè, ẹ fi ọwọ́ tẹ̀lé okùn funfun náà títí dé òpin rẹ̀. Ẹ wọ bàtà gidi àti ìbọ̀wọ́. Ẹ sá ohun tí ẹ bá wú sínú oòrùn.

Ibi tó bá ti wọ abẹ́ fẹ́ǹsì tí fọ́ọ̀kì kò lè dé, níbẹ̀ nìkan ni màá gbà kí ẹ lo glyphosate, kì í sì ṣe fífọ́n. Ẹ jẹ́ kí èkan ga dé orúnkún, kó ní ewé tútù tó pọ̀. Ẹ lọ́ fóòmù mọ́ igi kan, ẹ tì í bọ oògùn tí ẹ ti pò bí ara páálí ṣe wí, ẹ fún un kó má máa kán, kí ẹ wá fi nu ewé èkan láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Òun nìkan ló ga, òun nìkan lẹ ó kàn. Kí òjò má rọ̀ lé e lọ́jọ́ náà. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹ tó wú u, kó lè ráyè sọ̀ kalẹ̀ lọ sí gbòǹgbò. Ẹ jìnnà sí kànga nígbà tí ẹ bá ń pò ó tàbí tí ẹ bá ń fọ ohun tí ẹ fi pò ó. Kí àwọn ìbejì wà nínú ilé.

IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní ọ̀nà Ọ̀yọ́, tí kò jìnnà sí yín, ti bá àwọn àgbẹ̀ ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lórí èkan. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n fi ń borí rẹ̀ lóko ni Mucuna, ìbátan wèrèpè tí kì í yún èèyàn lára. Ó ń nà bò ó, èkan kò sì lè gba òjìji. Mi ò ní kí ẹ gbin Mucuna síwájú ilé. Àmọ́ bí ẹ bá ti wú èkan tán, ẹ gbin nǹkan tó ní ewé gbòòrò sí ẹ̀bá fẹ́ǹsì yẹn, kó má ṣófo.

Ọmọ Olóko Ìṣẹ́yìn (9:40)

Bàbá, fún patanmọ́ àti ìgbàlódé ńkọ́? 2,4-D ń pa elewé gbòòrò, ó sì ń dá àwọn ìdílé koríko sí. Ṣé kò ní yá ju ọwọ́ lọ?

Aṣọ́gbà Abẹ́òkúta (10:05)

Ó ń ṣiṣẹ́, mi ò jiyàn. Àmọ́ díẹ̀ tó bá fò nínú atẹ́gùn, tòmátò àti ìbẹ́pẹ ará ilé kejì á lọ́ kókó. Ẹ rántí ewédú ẹ̀gbọ́n Wálé. Níwájú ilé kan ṣoṣo, ọwọ́ ti tó. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ fún patanmọ́, ẹ tu ú nígbà tí kò tíì ju ìbú ọwọ́ lọ, kí ìdì èso onírun yẹn tó gbó, torí èso rẹ̀ lè sùn nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìgbàlódé ń ta gbòǹgbò níbi tí oríkèé rẹ̀ bá ti kan ilẹ̀, ẹ gbé gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ sókè kí ẹ tó tu ìdí. Kí ẹ ká òdòdó rẹ̀ kó tó di òwú.

Màmá Ògbómọ̀ṣọ́ (11:30)

Bí o bá rí gbúre tàbí rìnrìn láàárín wọn, má dà wọ́n nù, ọbẹ̀ ni wọ́n. Àfi bí wọ́n bá ti fi oògùn kan ibẹ̀. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, má jẹ ohunkóhun tó hù níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì Arúlógun (2 oṣù keje, 7:20 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ o. Mo ní kí n padà wá jíṣẹ́.

Ọmọkùnrin tó ń gé koríko bínú nígbà tí mo ní a ò ra oògùn. Bàbá ìbejì pè é jókòó, ó ka ohun tí ẹ kọ fún un, ó sì mú báàfù ìlẹ̀kẹ̀ dáńdá yẹn hàn án. Ó dákẹ́. Láti ọjọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ ló ń wú u. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a ti yí gbogbo ilẹ̀ náà ká. Lẹ́ẹ̀kíní, garawa mẹ́rin ni hóró tí a kó. Lánàá, kò kún garawa kan àbọ̀. Gbági ojú ọ̀nà bárò ti tán, a ti gún ibẹ̀ ní fọ́ọ̀kì, òjò àná wọlẹ̀, kò dúró lórí ilẹ̀ mọ́. Patanmọ́ ku díẹ̀. Èkan abẹ́ fẹ́ǹsì ti ń pọ́n lẹ́yìn fóòmù, mi ò tíì fọwọ́ kàn án.

Ìbéèrè tó kù: ojú ọ̀nà bárò ti ṣófo, ó fẹ̀ tó ẹní mẹ́ta. Ṣé kí a tún kápẹ́ẹ̀tì gbìn síbẹ̀ báyìí, àbí kí a dúró títí dáńdá á fi tán pátápátá?

Aṣọ́gbà Abẹ́òkúta (8:02)

Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Ẹ má dúró. Ilẹ̀ tó bá ṣófo, èpò ló ń pè. Ẹ gbìn ín lọ́sẹ̀ yìí kí òjò tó dáwọ́ dúró ní oṣù kẹjọ. Ẹ má lọ ra òmíràn, ẹ bu díẹ̀díẹ̀ lára èyí tó ti dì dáadáa lẹ́bàá wíńdò, ẹ ya á ní ẹ̀ka ẹ̀ka tó ní oríkèé méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ fi ìbú ọwọ́ kan sáàárín ọ̀kan àti èkejì. Ẹ ṣàyẹ̀wò ìdí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó rì í, kí hóró dáńdá má bá a lọ. Ẹ bomi rin ín láràárọ̀ bí òjò kò bá rọ̀.

Ìyá Ìbejì Arúlógun (8:15)

Ọjọ́ Sátidé la ó gbìn ín, sà. Táyé àti Kẹ́hìndé ló máa bá wa yẹ ìdí rẹ̀ wò, wọ́n ti mọ ìlẹ̀kẹ̀ yẹn jù mí lọ.